Ẹni Tí Gbogbo Ìlú Mọ Ohùn Rẹ̀: Níbo Ni Owó Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Ti Ń Wá?

Oríṣi ìròyìn méjì kan wà tó máa ń ta ko ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń sọ pé sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan báyìí, tó ń ṣe ètò lórí rédíò ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ti ní dúkìá tó tó ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù náírà. Èkejì ni fídíò tó ń jáde lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan: ẹni yẹn kan náà rèé lórí ibùsùn ọsibítù, nọ́ńbà àkáǹtì wà nísàlẹ̀ fídíò, wọ́n ní kí ará ìlú dákun ṣàánú. Ẹni tó ka ti àkọ́kọ́ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nísàlẹ̀ ìkejì pé kí ló fi gbogbo owó ọjọ́sí ṣe, ṣé obìnrin ló kó o fún ni, àbí ọtí ló fi mu.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò fi ṣe nǹkan kan. Owó náà ni kò fìgbà kankan wà bí wọ́n ṣe kà á. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ohùn wọn ń jí wa láàárọ̀ ló ń sanwó kí wọ́n tó lè sọ̀rọ̀, ibi tí wọ́n sì ti ń rí èyí tí wọ́n fi ń jẹun kò sí nínú yàrá tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ rárá.

Kì í ṣe àwọn tí òkìkí wọn ti kan dé òkè òkun ni mò ń sọ. Àwọn ti àárín ni: ẹni tí ọlọ́kadà á gbọ́ ohùn rẹ̀ tí á bojú wẹ̀yìn, tí ìyá ẹlẹ́ran á bu ẹran kún tiẹ̀ nítorí ètò rẹ̀, àmọ́ tí ẹni tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ kejì lè má gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Àwọn wọ̀nyí ló pọ̀ jù nídìí iṣẹ́ náà.

Owó wo gan-an là ń sọ?

Ohun mẹ́ta làwọn èèyàn máa ń dà pọ̀. Èkíní ni owó tó wọlé, ìyẹn gbogbo ohun tí àwọn onípolówó kó fún un lóṣù. Èkejì ni èrè, ohun tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó ti san gbogbo ìnáwó iṣẹ́. Ẹ̀kẹta ni dúkìá, ìyẹn ilé, ilẹ̀, ọkọ̀ àti owó tó ní ní báńkì, lẹ́yìn tí a bá ti yọ gbèsè tó jẹ kúrò. Owó tó wọlé lè pọ̀ kí èrè má sí. Ẹlòmíì sì lè ní dúkìá tó ṣeé rí kó má ní owó oògùn.

Àwọn tó ń kọ iye tí lágbájá ní sórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í rí ìwé báńkì ẹnikẹ́ni. Wọ́n á wo fọ́tò ọkọ̀ kan, wọ́n á wo agbádá, wọ́n á fojú díwọ̀n, ẹlòmíì á wá ṣe àdàkọ rẹ̀ pẹ̀lú àlékún. Ọkọ̀ yẹn lè jẹ́ ti ẹni tó pè é sóde.

Ta ló ń gba owó oṣù?

Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní October 31, ọdún 1959, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tí ìjọba ní ọwọ́ nínú rẹ̀ ni ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti rédíò. Ìjọba ló ní ọwọ́ nínú gbogbo ilé iṣẹ́ náà títí di 1992 tí òfin kan dá àjọ NBC, tó ń ṣọ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, sílẹ̀, tó sì ṣínà fún aládàáni láti gba ìwé àṣẹ. Raypower ní Èkó ló ṣáájú àwọn rédíò aládàáni ní 1994. Ní báyìí, téèyàn bá ń yí rédíò ní Ìbàdàn, ọwọ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ ro ó kó tó gbọ́ gbogbo wọn tán.

Ìyẹn ló fi jẹ́ pé oríṣi sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn wọn kò yàtọ̀ létí ẹni tó ń gbọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba ṣì wà, ní Radio Nigeria, ní BCOS ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní OGBC ti ìpínlẹ̀ Ògùn, àtàwọn bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ipò rẹ̀ nínú iṣẹ́ ọba ni wọ́n fi ń san owó oṣù rẹ̀. Bí gbogbo ìlú bá ń pariwo orúkọ rẹ̀, owó ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì ìṣirò tó wà ní ipò kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ló ń gbà. Òṣìṣẹ́ rédíò aládàáni tún wà, owó tí òun àti ọ̀gá rẹ̀ jọ ṣàdéhùn lé lórí ló ń gbà, ibòmíì sì wà tí oṣù mẹ́ta á lọ kí owó oṣù kan tó dé.

Àwọn ẹ̀kẹta ni a ń pè ní sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ aládàáni. Wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kankan. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tiwọn, FIBAN, tó ní ẹ̀ka ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ètò Yorùbá tí ẹ ń gbọ́, èyí tí atọ́kùn rẹ̀ ti ń kí ìyá oníṣòwò kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ọwọ́ wọn ló ti ń wá. Ọ̀rọ̀ àwọn ni kì í yé ará ìlú.

Kí ló dé tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fi ń sanwó fún rédíò?

Ẹ wò ó bí ìsọ̀ lọ́jà. Ẹni tó ni ọjà ló kọ́ ìsọ̀, ó ní kí oníṣòwò máa san owó rẹ̀. Bí oníṣòwò tajà, bí kò tà, owó ìsọ̀ kò yẹ̀. Àkókò orí afẹ́fẹ́, tí àwọn fúnra wọn ń pè ní airtime, bó ṣe rí nìyẹn. Rédíò á ta ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí wákàtí kan fún sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, òun náà á wá onígbọ̀wọ́ àti onípolówó tí yóò san ju iye tó fi rà á lọ. Ohun tó bá lé ni tiẹ̀.

Rédíò kò ṣèkà. Ó ń san owó ìwé àṣẹ fún NBC, ó ń ra dísù fún jẹnẹrétọ̀, ó ń san owó iná. Ní April 2024 tí ìjọba gbé owó iná àwọn tó ń rí iná jù, tí wọ́n ń pè ní Band A, sókè, láti nǹkan bíi ₦68 ló fò lọ sí ₦225 lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sáfẹ́fẹ́ kì í sì í sùn. Oníléeṣẹ́ tó bá ta àkókò ti mọ iye tí yóò wọlé fún un kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀. Ewu ọjà ti kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó ti bọ́ sọ́rùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Ewu kan ṣoṣo ló kù sọ́rùn rédíò, ìyẹn ọ̀rọ̀ ẹnu. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ ohun tó lòdì sófin lórí afẹ́fẹ́, ilé iṣẹ́ ni NBC ń fìyà jẹ. Lọ́dún 2020, ₦5 mílíọ̀nù ni wọ́n bù lé rédíò Nigeria Info ní Èkó bí owó ìtanràn nítorí ọ̀rọ̀ tí àlejò kan sọ lórí ètò wọn. Ìdí nìyẹn tí rédíò fi lè dá ètò aládàáni dúró lọ́sàn-án gangan, kódà kí ẹni tó ni ètò ti san owó oṣù náà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò oṣù kan

Kí ọ̀rọ̀ má baà dà bí àròsọ, ẹ jẹ́ ká fi ètò kan ṣe àpẹẹrẹ. Èmi ni mo mú àwọn iye yìí kalẹ̀, kí ìṣirò lè yé wa ni: iye tí rédíò ń gbà yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú, láti àárọ̀ kùtù sí ọ̀gànjọ́.

Ká ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni, gbogbo Sátidé, ₦35,000 lẹ́ẹ̀kan. Oṣù ọ̀sẹ̀ mẹ́rin á jẹ́ ₦140,000. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa rí onípolówó mẹ́ta. Ẹlẹ́gbòogi kan ń san ₦90,000 lóṣù, onílẹ̀ kan ₦70,000, ìyá kan tó ń ta aṣọ òkè ₦50,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦210,000. Tá a bá yọ owó rédíò kúrò, ó ku ₦70,000, iye yẹn gẹ́lẹ́ sì ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí láti 2024.

Ó kàn jẹ́ pé ìnáwó kò tíì tán. Ọmọkùnrin tó ń bá a wá ìpolówó ń gba ìdá kan nínú mẹ́wàá, ₦21,000 nìyẹn. Owó ọkọ̀ àti dátà, ₦25,000. Ẹni tó ń bá a ṣe jingle, ìyẹn orin kúkúrú tí wọ́n fi ń polówó, ₦10,000. Ohun tó ṣẹ́ kù jẹ́ ₦14,000 fún oṣù kan.

Oṣù tó dára nìyẹn o. Tí onílẹ̀ bá ní "ẹ jọ̀ọ́, ó di oṣù tó ń bọ̀", ₦14,000 yẹn á pòórá, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á sì fi ₦49,000 wọko gbèsè, nítorí rédíò kì í gba "ó di oṣù tó ń bọ̀". Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò ni oṣù tó ní Sátidé márùn-ún. Oṣooṣù ni onípolówó ń san, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni rédíò ń gbà. Sátidé karùn-ún, àpò sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ló ti ń jáde.

Ẹ wá ṣe é fún ọdún kan. Owó tó wọlé jẹ́ ₦2,520,000. Rédíò gba Sátidé méjìléláàádọ́ta, ₦1,820,000. Ọmọkùnrin tó ń wá ìpolówó gba ₦252,000, ọkọ̀ àti dátà ₦300,000, jingle ₦120,000. Èrè ọdún kan, bí ẹnikẹ́ni kò bá jẹ ẹ́ ní gbèsè rárá, jẹ́ ₦28,000. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọ ìròyìn tó dùn lè kọ ọ́ pé sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yìí ń gba mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ lọ́dún, kò ní purọ́.

Àwọn wo ló ń gbé owó ìpolówó wá?

Tẹ́tí sí ètò Yorùbá fún wákàtí méjì péré, wàá mọ̀ wọ́n. Ẹlẹ́gbòogi ló ṣáájú: oògùn jẹ̀díjẹ̀dí, oògùn ẹ̀yìn dídùn, oògùn ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya tí wọ́n máa ń fi èdè àpèsọ ṣe. Àwọn onílẹ̀ tẹ̀ lé wọn, àti àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, àwọn wòlíì àti alífáà, oníṣòwò inú ọjà. Àwọn olóṣèlú máa ń dé lásìkò ìbò, owó wọn a sì máa tóbi, àmọ́ bí ìbò bá ti kọjá, ẹ ò ní gbọ́ wọn mọ́.

Àwọn àjọ ìjọba méjì ló ń ṣọ́ ìpolówó egbòogi. NAFDAC gbọ́dọ̀ ti fún egbòogi ní nọ́ńbà, ARCON, àjọ tó ń ṣọ́ ìpolówó, sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó jáde. Bí wọ́n bá fún òfin yẹn ní agbára gidi lọ́sẹ̀ kan, ètò tí yóò kógbá sílé kò ní kéré. Èrò tèmi ni pé ó yẹ kí wọ́n fún un lágbára, nítorí àwọn ìyá wa ń mu ohun tí wọ́n gbọ́ lórí rédíò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kọ owó ẹlẹ́gbòogi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ₦90,000 inú àpẹẹrẹ wa ló ń sọ, òun ló tóbi jù níbẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí kì í hàn sí ará ìta: kì í ṣe gbogbo onípolówó ló ń san owó. Ẹlẹ́gbòogi lè kó páálí oògùn fún un pé kó lọ tà á. Aláṣọ lè fún un ní aṣọ. Onílẹ̀ tó jẹ ẹ́ ní gbèsè oṣù mẹ́jọ lè pè é lọ́jọ́ kan, kó fún un ní ìdajì pọ́lọ́ọ̀tì níbi tí ọkọ̀ kò tíì lè dé, tí igbó ṣì bo òpó tí wọ́n fi sàmì sí i. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi fọ́tò ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé ilẹ̀ yẹn sórí Facebook, ó ti di onílé lójú àwọn èèyàn. Ilẹ̀ náà jẹ́ dúkìá lóòótọ́, àmọ́ bó bá fẹ́ tà á lọ́la, ta ni yóò rà á?

Kí ló wá dé tí wọn kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀?

Nítorí òde ni. Ẹni tí ohùn rẹ̀ ń dún lórí afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń pè wá ṣe MC níbi ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìwúyè, àti ìfilọ́lẹ̀ ọjà. Obìnrin tó bá dáńgájíá nínú wọn a máa ṣe alága ìjókòó tàbí alága ìdúró, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ìdílé ọkọ lọ́jọ́ kan sì lè ju èrè ètò oṣù mẹ́fà lọ. Wọ́n tún ń fi ohùn wọn ṣe ìpolówó fún ilé iṣẹ́ mìíràn. ₦28,000 ọdún kan tí a ṣírò lókè yẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń wá. Wọ́n ń fara da ètò kí òde má baà gbàgbé wọn. Ẹ ó rí i pé bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá kúrò lórí afẹ́fẹ́ fún ọdún kan, ìpè òde á bẹ̀rẹ̀ sí í já, bó ti wù kó mọ iṣẹ́ tó.

Àṣà yìí kì í ṣe tòní. Olóògbé Gbénga Adébóyè, tó kú ní 2003, orí rédíò ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n, àmọ́ àwo orin àti àwàdà wọn, pẹ̀lú òde tí wọ́n ń lọ, ló sọ wọ́n di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Yínká Ayéfẹ́lẹ́ náà ti ṣe sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rí ní Radio Nigeria Ìbàdàn kí ìjàǹbá ọkọ̀ ọdún 1997 tó ṣẹlẹ̀ sí i. Orin tó kọ lẹ́yìn náà ló gbé e dókè, òun ló sì dá Fresh FM sílẹ̀ ní 2015. Ẹ kíyè sí i: orin ló sọ ọ́ di oníléeṣẹ́ rédíò, kì í ṣe rédíò.

Kásẹ́ẹ̀tì àti CD tó ń gbé owó wá nígbà yẹn ti lọ. Òde náà ní ìgbà tiẹ̀. Láti October títí di ìparí ọdún, ẹni tó ń kọ ìpè sílẹ̀ lè má ríbi kọ ọ́ sí mọ́. Nígbà Ààwẹ̀ Ramadan àti Lẹ́ńtì, ìgbéyàwó á dín kù gan-an. Owó December ni wọ́n ń fi san airtime oṣù kẹta.

Tẹlifíṣọ̀n ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ kan náà ni, owó rẹ̀ ló ga. Àkókò tẹlifíṣọ̀n wọ́n ju ti rédíò lọ, ẹni tó ni ètò ló sì sábà máa ń ya á fúnra rẹ̀ kó tó gbé e lọ fún wọn: oníkámẹ́rà, oníná, ẹni tó ń gé fídíò, aṣọ, gèlè. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fi ń ṣe tẹlifíṣọ̀n fún sáà kan péré, ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá, tí wọ́n á sì padà sórí rédíò.

Owó YouTube àti Facebook ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́ bí?

Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kì í ṣe fún gbogbo ẹni tó bá ní kámẹ́rà. Kí YouTube tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín owó ìpolówó fún ẹnì kan lórí fídíò gígùn, ó gbọ́dọ̀ ní ẹgbẹ̀rún kan àwọn tó forúkọ sílẹ̀, kí àwọn èèyàn sì ti wo fídíò rẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún mẹ́rin wákàtí láàárín oṣù méjìlá. Nínú owó ìpolówó náà, 55 nínú 100 ló ń kàn án. Bí kò bá sì tíì tó ọgọ́rùn-ún dọ́là, wọn kò ní fi ránṣẹ́. Facebook tó ṣí irú ọ̀nà yìí fún àwọn tó wà ní Nàìjíríà ní 2024 ní òfin tiẹ̀ náà.

Ohun méjì ló máa ń ya sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń ti rédíò bọ̀ lẹ́nu. Ìkíní ni pé ibi tí òǹwòran wà ló ń pinnu owó. Ẹgbẹ̀rún kan èèyàn tó wo fídíò ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston sábà máa ń mú owó wá ju ẹgbẹ̀rún kan tó wò ó ní Òṣogbo lọ, nítorí àwọn tó ń polówó lọ́hùn-ún ń san owó gidi. Èyí ló fà á tí ọ̀pọ̀ ètò Yorùbá orí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń kí "àwọn èèyàn wa nílùú òyìnbó" kí wọ́n tó kí ará ilé. Ìkejì ni orin. Lórí rédíò, kò sí ètò Yorùbá tí kò ní orin fújì tàbí àpàlà tó ń lọ lábẹ́ ọ̀rọ̀. Tó bá gbé ètò kan náà sórí YouTube, ẹ̀rọ á dá orin yẹn mọ̀, owó fídíò náà sì lè máa lọ sápò ẹni tó ni orin. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á máa rí i pé ẹgbàágbèje èèyàn ti wò ó, kọ́bọ̀ kò sì ní wọlé.

Kí ló dé tí àìsàn kan fi ń gbé wọn ṣubú?

Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń sọ̀rọ̀ ní owó ìfẹ̀yìntì. Lábẹ́ òfin 2014, òun ń dá 8 nínú 100 owó rẹ̀, agbanisíṣẹ́ ń dá 10 lé e. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ aládàáni kò ní agbanisíṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń dá nǹkan kan lé e. Ohun tó ń tà sì wà nínú ọ̀fun rẹ̀: bí kò bá lè sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì, airtime rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, àwọn onípolówó rẹ̀ ti tẹ̀ lé ẹni yẹn, àwọn tó fẹ́ pè é sóde ti pe ẹlòmíràn. Gbogbo ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé á dí lẹ́ẹ̀kan náà, ní ọjọ́ tí owó ọsibítù bẹ̀rẹ̀ gan-an.

Láti 2019 ni ìjọba àpapọ̀ ti ṣe ètò ìfẹ̀yìntì fún àwọn tó ń dá ṣiṣẹ́ ara wọn, téèyàn á máa fi ohun tó bá rí pa mọ́, lójoojúmọ́ tàbí lóṣooṣù. Ètò adójútòfò ìlera náà wà ní àwọn ìpínlẹ̀, bí Ìlera Èkó ní Èkó àti OYSHIA ní Ọ̀yọ́, ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba sì lè fi owó ara rẹ̀ wọ̀ ọ́. Òṣìṣẹ́ olówó oṣù kò ní láti rántí, inú owó rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Aládàáni ló gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ forúkọ sílẹ̀, kó sì máa san án lóṣù tó ní Sátidé márùn-ún pẹ̀lú.